Káàdì Ìyá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ, mo kí ọ bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò mọ̀ bóyá kí òun kan ilẹ̀kùn tàbí kí òun padà. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọkọ rẹ ńkọ́, ọmọ ńkọ́, orí fífọ́ tó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí o bá wo ojú kọ̀ǹpútà pẹ́, ṣé ó ti lọ? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí oúnjẹ òòjọ́ gba ojú lọ́wọ́ rẹ. Ṣe àmín sí i dáadáa, nítorí àdúrà yẹn, mo mọ ìdí tí mo fi gbà á.

Ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, tí mi ò tẹ̀ ọ́ láago. Awakọ̀ tó ń kó pákó wá sí ìlú yín ló bá mi mú un wá, èèyàn dáadáa ni, fún un lómi mu. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù. Fóònù máa ń já lu ọ̀rọ̀. Ìgbà mìíràn, ohùn obìnrin kan á jáde, á ní ẹni tí mò ń pè kò sí nítòsí. Mo ti bẹ obìnrin yẹn títí pé kó jọ̀ọ́ kó bá mi jíṣẹ́ fún ọ, pé ọmọ mi ni, kò dá mi lóhùn rí. Lẹ́tà ní tiẹ̀, bí omi bá bọ́ lójú mi, màá nu ún, màá máa kọ ọ́ lọ, ọ̀rọ̀ ò sì ní já.

Lọ́jọ́sí, o sọ fún mi pé kò ní pẹ́ mọ́ tí ìwé á fi tán láyé, pé gbogbo nǹkan á bọ́ sínú ẹ̀rọ, títí kan ìwé ìgbéyàwó àti ìwé òkú. Mo ní àmín nígbà náà, nítorí mo rò pé àdúrà lò ń gbà.

Ilé wà bó ṣe wà. Páànù ẹ̀yìn ilé tó ń jò, a ti kàn án. Àbúrò mi tó ń ránṣọ, ó ti ra fóònù tó fẹ̀ bí àwo, inú rẹ̀ ló ń kọ ìwọ̀n ara àwọn èèyàn sí báyìí, ó ti fi ìwé ìwọ̀n rẹ̀ àtijọ́ dáná. Fóònù náà kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun mọ ara àwọn oníbàárà òun sórí. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti ń rìn kiri báyìí nínú ṣòkòtò tó dúró sí orúnkún, kò sì lè bínú, nítorí ó ti sọ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ pé ayé tuntun ti dé.

Báńkì náà ti gba ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ owó mi sí, wọ́n ní irú rẹ̀ ti kúrò láyé, kí n máa lo fóònù. Wọ́n fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà pa á mọ́ sínú. Nígbà tí mo débẹ̀, ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì ní kí n ka nọ́ńbà náà fún òun. Mo ní rárá o. Ó ní àwọn làwọn fi ránṣẹ́. Mo ní bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fi ránṣẹ́, ẹ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. A wo ara wa títí nọ́ńbà náà fi kú, nítorí wọ́n ní ẹ̀mí rẹ̀ kì í gùn ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Mo padà wálé. Títí di òní, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo mọ̀ pé mò ń yí i po. Ẹni tí ẹ̀gún wọ̀ lẹ́sẹ̀ kì í fọwọ́ pa orí. Jókòó, ọmọ mi. Bí o bá wà lórí ìdúró, wá àga.

Ojú ìyá rẹ ti fọ́. Méjèèjì.

Kì í ṣe kámẹ́rà fóònù ló bàjẹ́ bí a ṣe ń sọ fún ọ láti oṣù méjì sẹ́yìn. Ìyá rẹ ló ní ká má tíì sọ ọ́, ó ní iṣẹ́ tuntun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ọ́ sí, ká má kó ìpayà bá ọ. Mo sì gbà, nítorí ojú ń ti èmi náà. Wàá mọ ìdí rẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n má fo ibì kankan.

O mọ yàrá káàdì ilé ìwòsàn wa, o ti sùn níbẹ̀ rí lórí àpò ìwé nígbà tí o wà ní kékeré. Pẹpẹ onígi mọ́kàndínlógún, fèrèsé kan tí kì í ṣí tán, òórùn ìwé àti òórùn oògùn apakòkòrò. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó síbẹ̀. Bí aláìsàn bá ti ń bọ̀ láti ẹnu géètì, mo ti mọ pẹpẹ tí káàdì rẹ̀ wà. Mi ò kàwé dókítà, àmọ́ mo mọ ẹni tí wọn kì í gún lábẹ́rẹ́ lápá òsì, mo mọ ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ìrọbí lọ, mo mọ ọkùnrin kan tó ti ń sọ pé ọmọ ogójì ọdún lòun láti ogún ọdún sẹ́yìn. Ohun tó bá le nínú ọ̀rọ̀ aláìsàn, dókítà á ní kí n fi báírò pupa kọ ọ́ sójú káàdì, kí ẹni tó bá gbé e rí i kó tó ṣí i. Ìwé tí mo kọ pupa ni mo máa ń fi yangàn. Mo máa ń kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà.

Ọdún kejì tí mo fẹ̀yìn tì ni wọ́n kó kọ̀ǹpútà mẹ́rin wá láti ìlú ńlá. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí nítorí orúkọ mi ló ṣì wà lórí ìwé pé èmi ni mo gba yàrá náà, ẹni tó rọ́pò mi kò gbà á lọ́wọ́ mi ní kíkọ. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ gíláàsì ni ọ̀gá wọn, Onígíláàsì là ń pè é, ọmọlúàbí ni, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mo bi í pé ṣé gbogbo káàdì ló ti wọ inú ẹ̀rọ. Ó ní gbogbo wọn. Mo ní ibo ni wọ́n wà nínú rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ náà ò ju àpótí kékeré lọ. Ó ní wọn ò sí nínú àpótí yẹn, wọ́n wà nínú àwọsánmà.

Mo jáde síta, mo wòkè. Ojú ọ̀run mọ́ kedere lọ́jọ́ náà, kò sí àwọsánmà kan ṣoṣo. Mo padà wọlé lọ sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, kì í ṣe irú èyí tójú ń rí. Mo ní bí òjò bá wá ń rọ̀ ńkọ́, ṣé káàdì ò ní máa bọ́ sínú oko olóko? Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹni tó bá lè rẹ́rìn-ín báyẹn á mọ ohun tó ń ṣe. Mo bi í léèrè ẹ̀ẹ̀kan sí i, mo ní àwọn ohun tí mo fi báírò pupa kọ, ṣé wọ́n wọlé? Ó ní ẹ̀rọ àwọn mọ gbogbo àwọ̀.

Ló bá gbé ìwé kan síwájú mi. Ìlà mẹ́rin ni wọ́n tẹ̀ sórí rẹ̀, pé èmi olùtọ́jú káàdì ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò, pé ohun tó wà nínú káàdì ti bọ́ sínú ẹ̀rọ pátá, kí wọ́n kó ìwé kúrò. Rò ó wò, ọmọ mi: orí ìwé ni wọ́n ti ní kí n bọwọ́ lù ú pé ìwé ò wúlò mọ́. Mi ò yẹ nǹkan kan wò. Báwo ni mo ṣe fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ṣé kí n gun àkàsọ̀ lọ sókè ni? Mo ní kí wọ́n fún mi láàyè díẹ̀, mo tẹ̀ ọ́ láago. O wà nínú ìpàdé. O ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, o ní Bàbá mi, ẹ bọwọ́ lù ú jàre, ẹ má dá wọn dúró, ayé ti kọjá ibẹ̀, ìwé ti di ohun àtijọ́.

Mi ò dá ọ lẹ́bi o. Má kà á bẹ́ẹ̀. Ìwọ kọ́ lo mú báírò dání. Ọwọ́ mi yìí ni, èyí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí.

Ọkọ̀ akẹ́rù ló wá kó wọn ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ìyá rẹ dúró lójú fèrèsé nígbà tí ọkọ̀ náà ń kọjá níwájú ilé wa, ìwé ń fò yọ lábẹ́ tapolíìnì. Ó ní gbogbo àìsàn ìlú yìí ló ń kọjá lọ yẹn. Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ìyá rẹ, ìtọ̀ ń ta á, ibà sì gbé e. Mo mú un lọ sílé ìwòsàn ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Dókítà tuntun ló wà níbẹ̀, kò tíì pé ọdún kan tó dé. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní nǹkan kékeré ni, oògùn oníhóró ló máa lò. Kí wọ́n tó fún un, nọ́ọ̀sì bi í pé ṣé oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kì í gbà. Ìyá rẹ ní ó wà, ó ní òun ò mọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ ó wà lójú káàdì òun, bàbá ọmọ òun ló kọ ọ́. Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi.

Mi ò rántí. Orúkọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, mi ò rántí! Ohun tí èèyàn bá ti kọ sílẹ̀, ọpọlọ á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni, á ní òun ti rẹ́ni bá òun rù ú. Ṣebí ìdí tí a fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Ọmọbìnrin tó jókòó sí yàrá mi báyìí, Ọmọ Kọ̀ǹpútà là ń pè é, ó ní ká má ṣèyọnu, gbogbo rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ, àmọ́ sáfà ti ṣubú. Mo ní ibo ló ṣubú sí, ṣé ó fara pa? Ó ní ìlú ńlá ló wà. Mo ní kó bá mi kí i pẹ̀lẹ́. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé, à ń retí kí ẹni tó ṣubú dìde. Ìyá rẹ ń gbọ̀n, ó gbé orí lé mi léjìká, ó ní wọn ì bá kúkú ti fi káàdì sílẹ̀. Mo ní kó fara balẹ̀.

Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ náà dún. Ọmọ Kọ̀ǹpútà tẹ orúkọ ìyá rẹ, ó jáde lójú ẹ̀rọ, ọmọ náà ní kí n wá fojú ara mi rí i. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ wà níbẹ̀. Níwájú ibi tí wọ́n ti béèrè oògùn tí ara kì í gbà, ẹ̀rọ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí.

Inú mi dùn, ọmọ mi. Má ṣe jẹ́ kí n purọ́ fún ọ. Mo rò pé ẹ̀rọ mọ ohun tí èmi ò mọ̀, pé nǹkan náà ti kúrò lára rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò níbi tí wọ́n ti ń yẹ nǹkan wò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọmọ Kọ̀ǹpútà, mo tiẹ̀ tẹrí ba díẹ̀ fún ẹ̀rọ náà. Ìyá rẹ wò mí, ó ní ṣé ó dá yín lójú, Bàbá? Mo ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti fi ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, kò sì já mi kulẹ̀ rí. Ìyá rẹ gbé oògùn náà mì.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹnu rẹ̀ bó. Ètè rẹ̀ wú. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin tó mọ́ tán, ara rẹ̀ ti ń lé bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára. Bí mo ṣe rí ẹnu rẹ̀ ni orí mi ṣí. Mo ti rí ẹnu yẹn rí. Nígbà tí ìwọ ṣì ń rá, tí a ń gbé nínú yàrá kan ní ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, irú oògùn yìí ni wọ́n fún un, ẹnu rẹ̀ bó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé. Dókítà àgbà ìgbà náà, tó ti kú, ló tètè dá oògùn náà dúró. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní Akọ̀wé, gbọ́ mi, obìnrin yìí ò gbọdọ̀ fi ẹnu kan oògùn yìí mọ́ láéláé, ẹlẹ́ẹ̀kejì á burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, kọ ọ́ síwájú káàdì rẹ̀, fi pupa kọ ọ́. Mo kọ ọ́. Nọ́ńbà káàdì náà ni ẹgbẹ̀ẹ́dógún lé mẹ́rìnlá. Wò ó bí mo ṣe rántí nọ́ńbà, tí mi ò rántí orúkọ oògùn.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la lò nílé ìwòsàn. Mi ò ní kọ gbogbo rẹ̀. Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ibùsùn, wọ́n ń fi omi rẹ̀ ẹ́ kó lè ṣí. Kò pariwo. Ohun tó ń bi mí ni pé ṣé mo ti jẹun. Àwọn èèyàn sọ pé kò ní yè é, ó yè é, mo dúpẹ́. Àmọ́ nǹkan funfun kan ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì bí èéfín tó dì sára gíláàsì, dókítà ní àpá egbò ni, kì í ṣe ohun tí omi lè fọ̀ kúrò.

Ọjọ́ kan tí mo jókòó sẹ́yìn ilé ìwòsàn, Ọmọ Kọ̀ǹpútà wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó ní orúkọ, ọjọ́ orí àti nọ́ńbà nìkan ni wọ́n ní kí àwọn tẹ̀ wọlé, pé ìyókù á tẹ̀lé e, nítorí káàdì ti pọ̀ jù, ọjọ́ sì ti pé. Ó ní ibi tí àwọn ò bá kọ nǹkan kan sí, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń kọ kò sí. Mo bi í pé ṣé kò sí àti a ò mọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà nínú ẹ̀rọ ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo gbé e dìde. Ọmọdé ni, kò ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ibẹ̀ náà ni iná ti lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo sì rí nọ́ọ̀sì tó ya páálí oògùn, tó ń kọ bí ara aláìsàn kọ̀ọ̀kan ṣe gbóná tó sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo wò ó títí ó fi kọ ọ́ tán. Nígbà tí iná dé, ó ju páálí náà sínú agbọ̀n.

Mo wá lọ wá káàdì náà. Má bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo gbọ́ pé ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Alápò ló ra gbogbo ìwé náà, ó ní ọgbà ńlá kan lẹ́yìn gáréèjì, òun ló ń ta ìwé fún àwọn tó ń pọ́n ọṣẹ, àwọn tó ń pọ́n ìṣó, àwọn tó ń tẹ́ ẹ sábẹ́ adìyẹ. Mo sọ ọ̀rọ̀ mi fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyàwó òun náà ní káàdì níbẹ̀. Ó fún mi ní àpótí tí mo lè fi jókòó, ó ní kí n máa tú u.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi tú u. Mo rí gbogbo ìlú níbẹ̀, ọmọ mi, ní ìdajì ìdajì. Mo rí káàdì àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ kan náà, wọ́n rán wọn mọ́ra. Mo rí káàdì ẹni tó ti kú, tí dókítà kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó ń ta ìṣó wá gba ìwé tirẹ̀, mo rí orúkọ ẹni tí mo mọ̀ lókè rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, ó fún mi. Eku ti jẹ òmíràn, òjò ti pa òmíràn, íńkì dúdú ti ṣàn di omi aró. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìwé náà ò ní ọwọ́ tó fi lè di ara rẹ̀ mú. Mo ti ń bínú sí ẹ̀rọ, mo wá ń bínú sí ìwé náà, kò sì sí èyí tó gbọ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo fa àpò kan tó wà nísàlẹ̀, mo rí pupa. Iwájú káàdì nìkan ló kù, wọ́n ti ya inú rẹ̀ lọ. Ẹgbẹ̀ẹ́dógún lé mẹ́rìnlá. Ìwé mi wà níbẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà, ó pupa bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́. KÒ GBỌDỌ̀, mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín ìwé. Alápò dá ìwọ̀n rẹ̀ dúró, ó pa ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Mo gbé e lọ fún dókítà. Ó kà á lórí ìdúró, ó jókòó, ó tún kà á. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, ó ní ṣé òun lè fi fóònù òun ya àwòrán rẹ̀, kí òun lè fi í sínú ẹ̀rọ. Mo ní kó yà á. Ó yà á. Ó ti wà nínú àwọsánmà báyìí, ọmọ mi, pupa rẹ̀ àti ohun gbogbo, ó wà níbẹ̀ pátápátá.

Ìyá rẹ ń gbìyànjú. Ó mọ ọ̀nà láti orí ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn ògiri lọ. Bí fóònù bá dún pé o ti fi àwòrán ọmọ ránṣẹ́, á gbà á lọ́wọ́ mi, á fi ìka méjì nà án kó lè tóbi bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, á wá ní kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún òun. Mo máa ń sọ pé ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní eyín mélòó ló ti hù? Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ka eyín lójú gíláàsì, mo sọ mẹ́rin, lọ́jọ́ kejì mo sọ mẹ́ta, ó ń fi ìka wá ẹnu ọmọ náà kiri. Gíláàsì náà jọ̀lọ̀ níbi gbogbo, kò sí ibi tí ìka ti lè mọ̀ pé imú nìyí.

O máa bi mí pé ìwé ló dára ni tàbí ẹ̀rọ. Ìwọ lo kàwé jù mí lọ, ìwọ ni kó sọ fún mi. Tẹ́lẹ̀, mo lè bá ọ jà lórí rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ní báyìí, mi ò mọ̀ mọ́. Ìwé wà, wọ́n kó o dànù. Ẹ̀rọ wà, wọn ò fi nǹkan kan sínú rẹ̀. Èèyàn wà láàárín méjèèjì, èèyàn náà sì bọwọ́ lù ú. Mo máa ń jókòó síwájú ilé lọ́sàn-án pẹ̀lú ìwé kan, mo ní kí àwọn aládùúgbò wá sọ oògùn tí ara wọn kì í gbà kí n kọ ọ́ fún wọn sórí ìwé kékeré tí wọ́n á máa fi sápò. Èèyàn mẹ́rin ló wá. Mẹ́ta nínú wọn ò rántí orúkọ oògùn náà. Wọ́n ní ó wà lójú káàdì àwọn.

Mo fi irú ìwé kékeré náà sínú lẹ́tà yìí fún ọ. Orúkọ oògùn náà ló wà níbẹ̀, dókítà ní ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Fi í sínú àpò owó rẹ, fi òmíràn sínú fóònù, sọ fún ọkọ rẹ, sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ, má gbẹ́kẹ̀ lé ẹyọ kan nínú wọn.

Ẹ̀bẹ̀ kù díẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, bá wa wá owó ọkọ̀ tí a ó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú tó wà ní ìlú yín. Dókítà ibí ní kí n má fọkàn sí i púpọ̀, àmọ́ ìyá rẹ ti di aṣọ sínú báàgì, kò sì jẹ́ kí n tú u. Fi owó náà rán awakọ̀, má fi sínú fóònù, wọ́n á tún bi mí ní nọ́ńbà mẹ́fà. Tún bá mi ra ìwé ńlá elẹ́yìn líle méjì àti báírò pupa, nítorí ẹni tó ń ta ìwé níbí ti kó wọn kúrò, fóònù ló ń tà báyìí.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹnu rẹ lọ́wọ́ oúnjẹ tó ń pani, kó ṣọ́ ọwọ́ rẹ lọ́wọ́ ìwé tí kò yẹ kó bọwọ́ lù. Ibi tí wọ́n bá ti ń ka àwọn tó wà láàyè, wọn ò ní fo orúkọ rẹ. Ọmọ rẹ á dàgbà lójú rẹ, wàá rí i, wàá rí i dáadáa, wàá ka eyín rẹ̀. Àmín.

Ìyá rẹ ní kí n ka lẹ́tà yìí sí òun létí kí n tó dì í, nítorí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, kò sí ìwé tí mo kọ tí kì í yẹ̀ wò lẹ́yìn mi. Mo kà á fún un. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti bọwọ́ lùwé, mo fò ó, mo mú ohùn mi dúró, mo lọ sí ibi ọkọ̀ akẹ́rù, mo sì fo gbogbo ibi tí mo ti tún mẹ́nu bà á. Kò tíì mọ̀. Títí di òní, ó rò pé wọ́n kó o lọ láìbi mí ni. Bí o bá dé, ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, má tíì sọ ọ́, jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún un.

Èmi ni bàbá rẹ.

Ìyá rẹ ti gba báírò lọ́wọ́ mi báyìí, ó ní òun náà fẹ́ kí ọ. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orí ìwé, ó ní kí n fi òun sílẹ̀, òun mọ̀ ọ́n kọ. Ìlà tí o rí nísàlẹ̀ yìí, tó gun orí ọ̀rọ̀ mi, tó sì wọ́ lọ títí tó fi já bọ́ létí ìwé, má rò pé nǹkan ló dà sí i. Orúkọ rẹ ló kọ.